Ikọ́ Tí A Pè Ní Ikọ́ Àgbà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń ra tiyín ní gbogbo ọjọ́ tó bá jáde, orí tábìlì ní búkà mi ni mo sì ń gbé e sí. Ẹni tó bá wá jẹun á kà á tán, á fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń palẹ̀ tábìlì mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo rí lẹ́tà tí bàbá kan kọ láti Mọ́níyà. Bàbá náà ní kò sí àmàlà tó dùn tó ti orí igi. Ó ní àjẹbọ́tà ni àwọn tó ń pariwo kiri pé èéfín ń pa èèyàn. Ó wá fi kún un pé igi làwọn ìyá wa fi dáná láti kékeré títí wọ́n fi darúgbó, kò sì pa ìkankan nínú wọn.

Mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo lọ fọ ìkòkò, mo tún padà wá kà á. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ọmọ mi wá jókòó tì mí, kó bá mi tẹ ohun tí mo bá sọ sórí fóònù.

Alámàlà ni mí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ro àmàlà tà ní Òkè-Àdó níbí. Kí n tó dá tèmi sílẹ̀, ìdí àdògán ìyá mi ní Òjé ni mo ti kọ́ ọ, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti igi àti èéfín, mo lẹ́nu níbẹ̀. Kí n sì tètè sọ ọ́: mi ò mu sìgá rí. Ọkọ mi ò mu ún, kò sẹ́ni tó ń mu ún nínú ilé wa. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́.

Ọ̀rọ̀ adùn yẹn, mi ò fẹ́ kó gba àkókò wa. Èlùbọ́ tó gbẹ dáadáa, omi tó hó délẹ̀ àti apá tó mọ omorogùn ún dà, àwọn ló ń mú àmàlà dùn. Mo ti fi gáàsì rò ó fún oníbàárà tó ti ń jẹun lọ́wọ́ mi láti ogún ọdún. Kò mọ ìyàtọ̀, ó tún ní kí n fi méjì kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdájí wa ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́rin ni mo máa ń dáná. Àjákù pákó tí wọ́n ń tà ní ọjà pákó Bódìjà ni a ń lò, a ó fi igi oko kún un bí ọlọ́kọ̀ bá já a sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, igi á tutù, kò ní fẹ́ẹ́ gbiná. A ó wá kó àwọn ọ̀rá omi tí oníbàárà mu jù sílẹ̀ lánàá, a ó kì í bọ abẹ́ igi, a ó ṣáná sí i. Ọ̀rá yẹn ló ń gbé iná dìde kíá. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó rùn, ó ń ta èèyàn lọ́fun bí ata. Lẹ́yìn náà ni n ó bẹ̀rẹ̀, n ó gbé ẹnu sún mọ́ ẹnu àdògán, n ó máa fẹ́ná. Ẹni tó bá sì fẹ́ná lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kó fa èémí sínú kó tó tún lè fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, inú èéfín yẹn náà ló sì ti máa fà á. Ojú á pọ́n, omi á máa dà lójú, ikun á máa yọ nímú. N ó fi etí ìró nù ún, ibi tí mo fi nù ún á dúdú. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ nìyẹn, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni a kì í tà.

Ìdí iná yìí kan náà ni àwọn ìbejì mi gbé dàgbà. Ọ̀kan wà lẹ́yìn mi, ọ̀kan wà lẹ́yìn àbúrò mi. Bí wọ́n bá ń sunkún, a ó ní ebi ló ń pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dé ọkàn bí mo bá rántí rẹ̀.

Ikọ́ náà ò wọlé lójijì. Àárọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ máa ń mú mi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì bá a jáde. Mo ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Mo lo oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́, mo jẹ orógbó títí ẹnu mi korò. Oníkẹ́míìsì tà mí ní oògùn onírúurú àwọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ wádìí ẹni tó ń bá mi ṣọ̀tá lọ́jà. Nígbà tó yá, ó di pé bí mo bá rìn díẹ̀, èémí mi ò ní délẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan mò ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́bàá búkà mi, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo ti ru èlùbọ́ gùn láìmọye ìgbà, tèmi tọ́wọ́ òfìfo ni lọ́jọ́ náà. Mi ò dé àárín rẹ̀ tí mo fi jókòó sí etí gọ́tà. Ọmọkùnrin tó ń wa Míkírà dúró, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mi ò lè dá a lóhùn. Mo kàn gbé ọwọ́ sókè ni.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n wá bi mí pé ṣé mo ń mu sìgá. Mo ní rárá. Wọ́n kọ oògùn ikọ́ fún mi, mo lọ sílé. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, sìgá ni wọ́n ń bi mí ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tó bi mí ohun tí mo fi ń dáná. Èmi náà ò sì sọ ọ́, nítorí mi ò mọ̀ pé ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà obìnrin kan níbòmíràn, ọmọdé gan-an lójú mi, òun ló gbọ́ òórùn èéfín lára ìborùn mi. Ó ní, "Màmá, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Nígbà tí mo sọ ọ́, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Láti ọdún mélòó?"

Wọ́n mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ kan. Wọ́n fi nǹkan há mi nímú, bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ. Wọ́n ní kí n fa èémí sínú títí àyà mi á fi kún, kí n fi ẹnu bo ọ̀pá kan, kí n wá fẹ́ ẹ jáde pẹ̀lú gbogbo agbára mi, kí n má dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì dúró tì mí, ó ń ké sí mi létí: "Ẹ fẹ́ ẹ, Màmá! Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má dúró, ó kù díẹ̀!" Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré ni wọ́n ń bi mí. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi fẹ́ná. Àyà mi há, ikọ́ gbà mí, ojú mi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń ka èsì rẹ̀ nìyí. Ẹ kó gbogbo afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè fẹ́ jáde pọ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá yá, ó kéré tán 7 nínú 10 rẹ̀ yẹ kó ti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Tèmi ò ju 5 lọ. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, mo fà á sínú, a dúró díẹ̀, mo tún fẹ́ ẹ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Dókítà ní ká ní ikọ́ sémìísémìí ni, oògùn yẹn ì bá là á ju bẹ́ẹ̀ lọ. COPD ni wọ́n ń pe èyí tó ń ṣe mí. Àwọn ọ̀nà èémí tóóró inú ẹ̀dọ̀fóró ti wú, wọ́n ti fún, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí wọn. Àwọn àpò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ sì ti ń já mọ́ ara wọn lára. Ó ní oògùn á mú kó rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ.

Mo sọ fún un pé eruku àti èéfín, ṣebí a máa ń wú u jáde ni. Ó ní èyí tó tóbi nìyẹn. Irun imú ń mú un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń mú un, àwọn irun kéékèèké tí a ò lè fojú rí sì wà lọ́nà ọ̀fun tó ń gbá a bọ̀ sókè bí ìgbálẹ̀. Èyí tó ń ṣe jàǹbá ni èyí tí ojú ò rí. PM2.5 ni wọ́n ń pè é, nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 2.5 máíkírómítà lọ. Ẹ fa irun kan tu lórí yín, ẹ wò ó. Irun yẹn fẹ̀ tó bíi 70. Bíi méjìdínlọ́gbọ̀n nǹkan yìí ni ẹ máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun kan ṣoṣo. Ìgbálẹ̀ ọ̀fun ò lè rí irú èyí gbá. Ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀, ara á máa bá a jà, ibẹ̀ á máa wú, á máa jinná, á máa ṣe àpá. Èyí tó tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èéfín ń fa àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2013, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan wínníwínní inú afẹ́fẹ́ yìí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Omi ojú nìkan ni à ń rí nídìí àdògán. Èyí tí ojú ò rí ló ń wọlé lọ.

Nígbà tí mo dé búkà lọ́jọ́ náà, mo gbójú sókè wo páànù. Ó dúdú, ó ń dán bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Bí òjò bá rọ̀ tí páànù bá lààgùn, omi dúdú máa ń kán láti ibẹ̀, a sì máa ń fi abọ́ gbè é kó má bàa kán sínú ọbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wò ó. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ohun tó lẹ̀ mọ́ páànù yìí, inú mi náà ló ń gbà kọjá.

Bí mo ṣe ń wo páànù yẹn ni mo rántí ìyá mi.

Ikọ́ ìyá mi la fi ń mọ̀ pé ó ti ń ti ọjà bọ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó yọ ní kọ̀rọ̀ agboolé wa lálẹ́, kí a tó gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ikọ́, a ó sì sáré lọ gba ẹrù lórí rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ikọ́ àgbà ni. Kò tí ì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà yẹn o. Ọdún bíi mélòó kan tó lò gbẹ̀yìn, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Á jókòó sétí ibùsùn, á gbé ìgúnpá méjèèjì lé orúnkún, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè á máa bọ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó sáré dé. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá a. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà tó kú. Àwọn kan ní ọlọ́jọ́ ló dé. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ó ṣiṣẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èéfín. Èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Owó àmàlà orí igi ni mo fi sin ín.

Bàbá mi ní Mọ́níyà, ìyá mi wà lára àwọn ìyá tí ẹ ní igi ò pa. Mi ò bá yín jà. Ohun tí wọ́n sọ fún yín lẹ sọ, ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni. Ó pa wọ́n, orúkọ mìíràn ni a fún un. A pè é ní ikọ́ àgbà, a pè é ní ọjọ́ ogbó, a pè é ní ọwọ́ ayé, a sì padà sídìí iná.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣe irú rẹ̀. Kẹ́hìndé mi, nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń bá mi ka nǹkan wọ̀nyí. Ó sọ fún mi pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo ìlú London fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn èèyàn ò rí ọwọ́ ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní òkú bíi 4,000. Àwọn tó padà ṣírò rẹ̀ ní ó lè tó 12,000. Nígbà tí wọ́n ka òkú tán ni wọ́n tó ṣòfin lórí èéfín, ní 1956. Ní London yìí kan náà, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà, Ella Adoo-Kissi-Debrah, ilé wọn ò jìnnà sí títì tí ọkọ̀ ò ti í dẹwọ́. Ikọ́ sémìísémìí dà á láàmú fún bí ọdún mẹ́ta, ó sì kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ lórí ikú rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ rárá. Ìyá rẹ̀, Rosamund, kò gbà. Ó bá wọn fà á títí ilé ẹjọ́ fi wọ́gi lé ìwé àkọ́kọ́, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ẹni tó ń wádìí ikú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Wọn ò kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kí Kẹ́hìndé ka ibẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá kan jà fún ọdún méje kí wọ́n lè fi orúkọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ pè é.

Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ìlú Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan. Àwọn oníṣègùn níbí àti àwọn ti Yunifásítì Chicago kó 324 aláboyún jọ, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóófù tó ń lo ẹ́tánọ̀, ìyẹn ọtí tó ń jó bí epo, ìdajì tó kù ń bá ohun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bí oyún ṣe ń dàgbà. Nígbà tí èsì jáde ní 2017, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó fi igi àti kẹrosíìnì sílẹ̀ kéré sí ti àwọn tó kù. Ẹ kíyè sí i pé kẹrosíìnì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé bí a bá ti kúrò nídìí igi bọ́ sídìí sítóófù kẹrosíìnì, a ti bọ́.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan wínníwínní yìí ò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odindi ọdún. Ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹ mú márùn-ún níbẹ̀. Àjọ yìí kan náà ní èéfín nínú ilé tí atẹ́gùn ò ti ráyè jáde lè fi ìlọ́po 100 ju ohun tó yẹ lọ. Èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ni wọ́n ní èéfín ìdáná pa ní 2020, àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún lé ní 237,000 nínú wọn. Òtútù àyà ló ń pa àwọn ọmọdé jù níbẹ̀, ọmọ tó ń mí èéfín ilé ìdáná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì wà nínú ewu rẹ̀ ju ọmọ tí kò mí in. Ọmọ ẹ̀yìn wa ni wọ́n ń wí.

Mo ti sún ìdáná mi kúrò lábẹ́ páànù sí gbangba. Mo ń fi gáàsì se gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata, àmàlà nìkan ló ṣì ń gun orí igi, nítorí owó gáàsì ò jẹ́ kí n ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Igi tó gbẹ ni mò ń rà báyìí. Mi ò fi ọ̀rá dáná mọ́, kò sì sí ọmọ kankan tó ń dé ìdí àdògán mi. Ìborùn tí a máa ń rẹ sómi tí a ń fi bo imú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ohun tó kéré tó báyìí ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ìbomú tí wọ́n ń pè ní N95, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ló ń gbà á dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Ẹ̀yìn búkà mi ni gọ́tà ńlá kan wà, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń da ìdọ̀tí sí. Bó bá pọ̀ tán, ẹnì kan á ṣáná sí i láàárọ̀ kùtù: ike, ìlédìí ọmọ, bàtà, ọ̀rá, nígbà mìíràn táyà. Èéfín á rọra máa jó lọ fún ọjọ́ méjì. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kò ní lọ sókè, orí ilẹ̀ ló máa sùn sí, eruku aṣálẹ̀ á tún wá bá a níbẹ̀. Kí ni mo wá fi owó gáàsì ṣe? Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ààtàn Awótàn àti Ajákánga mọ ohun tí mò ń sọ ju èmi lọ. Kẹ́hìndé kà fún mi pé ní orílẹ̀-èdè Màláwì, wọ́n pín sítóófù tí èéfín rẹ̀ kéré fún àwọn ìdílé, wọ́n sì ṣọ́ àwọn ọmọ tó lé ní 10,000. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2016, òtútù àyà ò dín kù. Lára ohun tí wọ́n rò pé ó fà á ni àwọn èéfín mìíràn tó wà láyìíká, ìdọ̀tí sísun wà níbẹ̀. Ó yé mi kíákíá. Afẹ́fẹ́ ò mọ ààlà ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sun ìdọ̀tí, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ wa, ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló ń jẹ́ kí wọ́n máa sun ún, ẹ jẹ́ kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin dókítà, bí obìnrin tó ń wúkọ́ bá wọlé tọ̀ yín wá, ẹ bi í léèrè sìgá, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ bi í ohun tó fi ń dáná àti iye ọdún. Ọdún méjì tí mo fi ń mu oògùn ikọ́, ìdí iná ni mò ń padà sí láràárọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi alámàlà, onígàrí, ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja, bí ikọ́ yín bá ti kọjá oṣù méjì, tàbí tí òkè tí ẹ máa ń gùn bá ti ń sú yín, ẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀rọ yẹn fẹ́. Kò dunni. Mo mọ̀ pé owó gáàsì le, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa títà rẹ̀ tì. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè dá àjọ, kí a máa ra gáàsì lápapọ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀.

Bàbá mi ní Mọ́níyà, mo fẹ́ kí ẹ wá sí Òkè-Àdó, kí ẹ wá jẹ àmàlà lọ́wọ́ mi, ẹ ò ní sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá lọ́sàn-án tí oníbàárà ń wá. Aago mẹ́rin ìdájí ni kí ẹ dé. Mi ò ní gbé yín sídìí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ àdògán ni n ó gbé àpótí kalẹ̀ fún yín sí, ibi tí èmi máa ń jókòó sí. Ẹ wọ aṣọ funfun wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, alámàlà,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.